Ta ni Ọmọ Onílé? Àlejò àti Ọmọ Àlejò nínú Ìtàn Yorùbá, láti Ọ̀yọ́ dé Oko Ọba

1. Ìfáárà

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ní ìbẹ̀rẹ̀ kan náà. Ọdẹ kan tàbí ọmọ ọba kan ṣí kúrò ní ilé baba rẹ̀, ó rin ìrìn-àjò, ó dúró ní ìdí igi tàbí ní ẹ̀bá odò kan, ó sì tẹ ìlú dó síbẹ̀. Àlejò ni ẹni náà ní ọjọ́ tí ó dé. Ṣùgbọ́n kí ìtàn tó kọjá ojú-ìwé kejì, ó ti di onílé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì dé lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó máa pè ní àlejò, àti òun àti ọmọ tí ó bí síbẹ̀, àti ọmọ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni ìlànà ìtàn-kíkọ yìí: bí ó ti rí, ẹni tí ó gbà wọlé, àti ẹni tí ó tì síta. A ó kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ méjì wò, 'orílẹ̀' àti 'àlejò'. A ó wá wo ìwé ìtàn Samuel Johnson, nítorí pé òun ni òpó tí ìtàn Yorùbá tí a kọ sílẹ̀ fi ẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé ìdánwò náà wá sí Agége àti Oko Ọba ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ewì àtẹnudẹ́nu Yorùbá ní àyè fún ẹni tí ó wá láti ibòmíràn ju ìtàn tí a kọ sínú ìwé lọ, àti pé àdánù gidi ni ìtàn tí a kọ ń ṣe nígbà tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lára ewì.

2. Orílẹ̀ àti Àlejò

'Orílẹ̀-èdè' ni Yorùbá òde òní ń lò fún àpapọ̀ ènìyàn tí ó wà lábẹ́ ìjọba kan. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni 'orílẹ̀' wà, orílẹ̀ yìí kan náà ni ó sì wà nínú 'oríkì orílẹ̀', ẹ̀yà oríkì tí Babalọlá kó jọ sínú Àwọn Oríkì Orílẹ̀ (1967). Orílẹ̀ ni ibi tí ìran kan ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni pé ẹni tí ó ti kúrò níbẹ̀ ni ó nílò oríkì orílẹ̀ jù lọ. Ẹni tí kò ṣí kúrò ní Ọ̀fà rí, tí gbogbo aládùúgbò rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, kò ní ẹni tí yóò fi oríkì Ọ̀fà ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ sí. Ìgbà tí ó bá dé Ìbàdàn tàbí Agége ni oríkì náà ń ṣiṣẹ́ gan-an. Lítíréṣọ̀ àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀ ni oríkì orílẹ̀.

Nípa bẹ́ẹ̀, akéwì àtẹnudẹ́nu mọ bí a ti ń so ibi méjì mọ́ ènìyàn kan láìjẹ́ pé ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Obìnrin tí ó ń ki ọkọ rẹ̀ ní ọmọ Ọ̀fà láàárín ọjà Agége kò sọ pé kí ọkọ rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀. Ó ń sọ ibi tí ó ti wá kí iyì rẹ̀ lè pọ̀ sí i níbi tí ó wà ni.

Ọ̀rọ̀ kejì ni 'àlejò'. Òwe Yorùbá bọ̀wọ̀ fún àlejò, ṣùgbọ́n ó tún pa ààlà fún un. Òwe tí ó sọ pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran gbà pé àlejò kò lè mọ inú ìlú. Èyí tí ó sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé gbà pé àlejò yóò padà sílé ní ọjọ́ kan. Nínú òwe méjèèjì, kò sí àyè fún ọmọ tí a bí sí àjò, tí ó mọ inú ìlú tinú-tẹ̀yìn, tí ilé tí wọ́n ní kí ó padà sí sì jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí. Àlejò ni baba rẹ̀. Kí ni òun? Èdè kò pèsè ọ̀rọ̀ kan pàtó fún un ju 'ọmọ àlejò' lọ, ìtàn sì tẹ̀ lé èdè.

3. Ìtàn tí Ọmọ Ìdálẹ̀ Kọ

Ẹni tí ó kọ ìwé tí ó tóbi jù nínú ìtàn Yorùbá kò kọ́kọ́ rí ilẹ̀ Yorùbá ní ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ni wọ́n bí Samuel Johnson ní ọdún 1846. Ọmọ ìran Aláàfin Abíọ́dún ni baba rẹ̀, ẹni tí òwò ẹrú gbé lọ tí a sì dá sílẹ̀ sí Sàró. Johnson ti kọjá ọmọ ọdún mẹ́wàá kí àwọn òbí rẹ̀ tó mú un wá sí Ìbàdàn. Ó parí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1897, ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, tí a fi rí i tẹ̀ jáde ní ọdún 1921.

Ìrìn-àjò yìí kì í ṣe àfikún sí ìwé náà. Òun ni ó jẹ́ kí ìwé náà ṣeé kọ. Ní Freetown, Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú tí ogun ti tú ká bá ara wọn lójú pópó kan náà, àwọn aládùúgbò wọn sì sọ gbogbo wọn ní 'Akú' nítorí bí wọ́n ti ń kí ara wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé èdè kan ni àwọn ń sọ. Ọmọ Òṣogùn tí a dá sílẹ̀ ní Sàró, Samuel Àjàyí Crowther, ni ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, tí ó ràn án lọ́wọ́ láti sọ orúkọ tí ó jẹ́ ti Ọ̀yọ́ nìkan di orúkọ gbogbo ènìyàn tí ó ń sọ èdè náà. A lè sọ, nígbà náà, pé ìdálẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ fi ojú orílẹ̀-èdè kan wo Yorùbá, àti pé àwọn ọmọ ìdálẹ̀ ni ó gbé ojú-ìwòye náà wálé.

Síbẹ̀, ohùn ẹni tí ilé kò ṣàjèjì sí rí ni Johnson fi kọ̀wé. Ó ráhùn nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ yìí mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìsì, wọn kò sì mọ ti ilẹ̀ wọn. Kò fi sí i pé òun náà ní láti kọ́ ilẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Gbèsè ńlá ni a jẹ ìwé náà, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yìí wà lára àléébù rẹ̀, ó sì ti di àṣà fún àwọn tí ó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀.

4. Ìlà Baba gẹ́gẹ́ bí Ẹnu Ọ̀nà

Bí a bá wo inú ìwé náà fínnífínní, a ó rí i pé àlejò pọ̀ níbẹ̀. Ìtàn tí Johnson gbọ́ sọ pé ọmọ Lámúrúdu ọba Mẹ́kà ni Odùduwà, tí ó sá kúrò nílé nítorí ìjà ẹ̀sìn. Sẹ̀tilù, afọ́jú ọmọ Tápà kan, ni Johnson sọ pé ó mú Ifá wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ìyá Ṣàngó pàápàá, gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti sọ, ọmọ Elempe ọba Tápà ni. A kò ní láti gba àwọn ìtàn wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ ojú ayé. Ilé-Ifẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀ nípa Odùduwà àti nípa Ọ̀rúnmìlà. Ohun tí ó kan lámèyítọ́ ni iṣẹ́ tí àlejò ń ṣe nínú ìtàn náà: ó gbé ọba wá, ó gbé Ifá wá, ó bí òrìṣà.

Kí ló dé tí a kì í fi í pe Ṣàngó ní ọmọ àlejò? Ìdáhùn náà rọrùn: ọmọ Ọ̀rányàn ni. Ìyá ni ó wá láti ìta, baba sì ni ọ̀pá tí a fi ń wọn ọmọ. Ìlà baba ni ẹnu ọ̀nà tí ìtàn fi ń gba àjèjì wọlé. Bí obìnrin Tápà bá bímọ fún ọba Ọ̀yọ́, ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin Hausa bá fẹ́ obìnrin Yorùbá ní Agége, tí wọ́n sì bímọ, ọmọ Gàm̀bàrí ni àdúgbò yóò máa pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè ìyá rẹ̀ ni ó fi ń lálàá. Ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì pòpọ̀ bákan náà. Ìlànà kan ni ó sọ ọ̀kan di Aláàfin tí ó sì sọ èkejì di àlejò.

Ẹnu ọ̀nà kejì wà, èyí tí í ṣe agbára. Ọmọ Tápà ni Ọ̀ṣọ́dì Tápà, tí ó dàgbà ní ààfin Èkó, tí ó di ìjòyè àti balógun Kòsọ́kọ́. Ó bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé ọba náà kúrò ní Èkó ní ọdún 1851, wọ́n sì padà wá sí Èkó ní ọdún 1862. Orúkọ rẹ̀ kò ju ìyàn lọ́dọ̀ àwọn onítàn Èkó, kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé nígbà wo ni wọn yóò padà sílẹ̀ Tápà. Bákan náà ni ti Herbert Macaulay, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1864. Ilẹ̀ Sàró ni a ti bí baba rẹ̀, ọmọ Crowther sì ni ìyá rẹ̀. Òun ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní ọdún 1923, tí a sì ń pè ní baba òṣèlú Nàìjíríà. Ìtàn kò ṣe awo pẹ̀lú àlejò tí ó ní ipò. Ẹni tí ó wá ṣiṣẹ́ ọwọ́ ni kò rí ẹnu ọ̀nà wọlé.

5. Agége: Ẹni tí a Dárúkọ àti Ẹni tí a Kò Dárúkọ

Ìtàn kan tí ó gbilẹ̀ ní Agége sọ pé láti ara 'a-gé-igi' ni orúkọ ìlú náà ti wá, nítorí àwọn tí ó wá ń gé igi nínú igbó ibẹ̀. Bí àlàyé náà bá tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà ní ti ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, ó ní ẹ̀kọ́ kan nínú: iṣẹ́ àwọn tí ó wá láti ìta ni ó sọ ìlú lórúkọ, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ agégi kan ṣoṣo nínú ìtàn náà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìtàn kòkó rí. Ẹni tí a máa ń dárúkọ ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọmọ ìran Ẹ̀gbá, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú African Church tí ó ya kúrò lára Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1901. Oko kòkó rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, òun àti àwọn olóko ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní ọdún 1907. Lórí ilẹ̀ Àwórì, àlejò ni Coker náà. Ìwé ìtàn kò pè é bẹ́ẹ̀. Olóko ni wọ́n pè é, aṣáájú, olùdásílẹ̀. Àwọn àgbàṣe tí ó ṣán oko náà wá láti òkè, wọ́n kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, àwọn kan sì gbé irúgbìn àti ìmọ̀ náà padà lọ sí ilé wọn. Àwọn onímọ̀ bí Webster, Berry àti Hopkins ti fi hàn pé Agége wà lára àwọn orísun pàtàkì tí kòkó ti tàn kálẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn. Nígbà náà, owó tí a fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìwọ̀-oòrùn ní ọdún 1955 ní ìbátan pẹ̀lú ọwọ́ àgbàṣe tí a kò dárúkọ wọn ní Agége.

Obì náà ní ìtàn tirẹ̀. 'Gbàǹja' tí a ń pè é rán wa létí Gonja ní ilẹ̀ Gáná, 'gòrò' sì jẹ́ ọ̀rọ̀ Hausa. Nígbà tí rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí a sì lè wọ ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní ọdún 1912, obì Agége rí ọ̀nà lọ sí òkè Ọya. Àwọn oníṣòwò Hausa wá tẹ̀dó sí Agége láti rà á, láti dì í àti láti kó o ránṣẹ́. Òwò náà so ọjà Agége pọ̀ mọ́ ọjà Kánò kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní ọdún 1914. Òpìtàn òṣèlú yóò sọ pé Lugard ni ó so Nàìjíríà pọ̀. Alájàpá obì lè sọ pé àwọn ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́.

Búrẹ́dì Agége pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àlejò. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, dé Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè. Ní ọdún 1921 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èkó, ó sì di ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà débi pé ọ̀nà tí ó fi ń po ìyẹ̀fun tàn kálẹ̀. Ohun tí ará Èkó gbà pé ó jẹ́ tiwọn jùlọ lórí àtẹ òwúrọ̀, àlejò wà nídìí rẹ̀.

6. Oko Ọba: Orúkọ àti Òfin

Oko Ọba wà ní ẹ̀gbẹ́ kan Agége. Orúkọ rẹ̀ gba ìtumọ̀ méjì. 'Ọba' lè jẹ́ ọba aládé. Ó sì tún lè jẹ́ ìjọba, bí a ti ń sọ 'iṣẹ́ ọba' fún iṣẹ́ ìjọba. Èyí ó wù kí a mú, 'oko' ni ọ̀rọ̀ tí ó wúwo níbẹ̀. Nínú èrò Yorùbá, ìlú ni ilé ènìyàn, oko ni ó ti lọ ṣiṣẹ́. Ará oko kì í ṣe ará ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣu rẹ̀ ni ará ìlú ń jẹ. Ilé ti bo oko náà báyìí, títì sì ti gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n àṣà ojú-ìwòye náà kò tí ì kúrò: ẹni tí ó ń bọ́ ìlú kò tí ì di ẹni ìlú.

Odò ẹran tí ó wà ní Oko Ọba ni ó fi èyí hàn jù. Láti Àríwá ni màlúù ti ń wá, ibẹ̀ sì ni a ti ń pa á fún ọ̀pọ̀ ènìyàn Èkó. Alápatà Yorùbá àti oníṣòwò màlúù Hausa tàbí Fúlàní ń ná ọjà ní èdè méjì, àwọn ọmọ tí ó dàgbà síbẹ̀ sì ń sọ méjèèjì láìkọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní apá kejì, àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà tí ìjọba ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè àyè fún ní àwọn ọdún 1950 fa Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ìgbò, Urhobo àti Ègùn wá sí yàrá àyágbé Agége. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni Adrian Peace ṣe ìwádìí nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1979. Ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n ṣe ní oṣù kìíní ọdún 1971 nítorí owó Adébọ̀ wà lára ohun tí ó mi ìjọba ológun ìgbà náà. Wọ́n dá sí ìtàn orílẹ̀-èdè náà, ṣùgbọ́n nínú ìtàn Agége, ayálégbé ni wọ́n.

Òfin gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbà ní abala 25 pé ọmọ Nàìjíríà ni ẹni tí òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ bá jẹ́ ti àwùjọ onílẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè yìí. Abala 147 pa á láṣẹ pé kí ààrẹ yan ó kéré tán mínísítà kan láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni náà sì jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Abala 318 ṣàlàyé pé ẹni tí òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan bá jẹ́ ti àwùjọ onílẹ̀ ìpínlẹ̀ kan ni ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ náà. Nípa èyí, ọmọ tí a bí sí Oko Ọba, tí a bí baba àti ìyá rẹ̀ síbẹ̀, kò tí ì jẹ́ ọmọ Èkó bí àwọn òbí àgbà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wá láti Kánò. Ọmọ Nàìjíríà ni níbi gbogbo. Ọmọ ìpínlẹ̀ ni níbi tí kò gbé rí.

Ohun kan wà nínú òfin yìí tí ó yẹ kí òpìtàn ṣàkíyèsí. Òfin kò sọ pé baba nìkan. Bí ìyá ìyá ọmọ náà bá jẹ́ Àwórì, òfin ti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Òwe àti ìwé ìtàn ni ó ṣì ń dúró de baba. Ó yani lẹ́nu pé lórí kókó yìí, ọ̀rọ̀ àwọn agbẹjọ́rò lawọ́ ju ọ̀rọ̀ àwọn onítàn lọ.

7. Nígbà tí Onílé Di Àlejò

Àwọn kan lè sọ pé èyí kò kan Yorùbá tààrà, pé onílé ni wọ́n. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gáná pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á tàbí kí wọ́n jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ Yorùbá, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí àti ìlú mìíràn, tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Wọ́n kó àwọn ọmọ tí a bí sí Gáná wá sí ilé tí àwọn ọmọ náà kò mọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní Nàìjíríà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì bákan náà. Àwọn ọmọ Gáná ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó lọ. Ohun tí ó kù nínú èdè lẹ́yìn wọn ni orúkọ àpò kan, 'Ghana Must Go'.

Ìtàn méjèèjì jọra débi pé a kò lè ka ọ̀kan láìrántí èkejì. Síbẹ̀, ti ọdún 1969 ni a ń sọ gẹ́gẹ́ bí ìyà tí a jẹ, ti ọdún 1983 ni a ń sọ gẹ́gẹ́ bí orúkọ àpò. Ìtàn tí ó sunkún nínú ọ̀kan tí ó sì rẹ́rìn-ín nínú èkejì kò tí ì jẹ́ ìtàn. Ẹjọ́ olóhùn kan ni.

8. Ìgúnlẹ̀

Àtakò kan wà tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ tì. Àwọn Àwórì lè sọ pé bí a bá sọ gbogbo ẹni tí ó dé di ọmọ onílẹ̀, àwọn tí ó gba àlejò ni yóò pòórá. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí, nítorí ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ọ̀pọ̀ ibi tí ìlú ńlá gbòòrò dé. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Orúkọ alágbàṣe tí a kọ sínú ìtàn Agége kò yọ orúkọ Àwórì kúrò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oríkì Ọ̀fà tí a ń ki ní Agége kò ti yọ Agége kúrò ní àyè rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó wà fún ẹni tí yóò kọ ìtàn Oko Ọba lọ́la ni pé kí ó ka ọ̀rọ̀ onílé, kí ó sì tún jókòó ti alápatà, alájàpá obì, òṣìṣẹ́ fásitọ́rì àti ayálégbé. Kí ó béèrè ibi tí wọ́n ti wá bí apohùn ti ń béèrè, láti bọlá fún wọn. Kí ó béèrè orúkọ ìyá pẹ̀lú. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí a ó wò fún ọmọ tí a bí sí Oko Ọba, Oko Ọba ni.